Ẹgbẹ́ Má-Kánjú

Aago mẹ́fà kò tíì lù ní Èbúté-Mẹ́ta,
mo ti ń gbé Ràlé sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn,
ó ń ké kẹ̀ẹ́kẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n jí lójú oorun.
Òun ni bàbá mi ń gùn lọ síbi iṣẹ́ rélùwéè.
Ìjókòó awọ rẹ̀ mọ ìdí ìran wa dáadáa.

Wọ́n ti ń dúró nísàlẹ̀:
Olúgbódi, tí ìka kẹfà ọwọ́ rẹ̀ kò níṣẹ́ mìíràn
ju kó máa tẹ agogo kẹ̀kẹ́ lọ;
Sùnmọ́nù, tó ti kírun àárọ̀ tán,
tó ń fi póńpù fẹ́ táyà bí alágbẹ̀dẹ ń fẹ́ ewìrì;
Àbẹ̀jẹ́ tíṣà, búrẹ́dì lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀,
àti Bọ́látitó ọmọ-ọmọ rẹ̀, àlejò wa tòní,
tí ọmọ-ìka ẹsẹ̀ nìkan ló ń kan pẹ́dàlì.

Òfin ẹgbẹ́ wa kò ju ẹyọ kan lọ:
ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́ra jù ni kó ṣáájú.
Èmi ni mo ṣáájú.

Ọ̀yìngbò ń sùn. Ajá kan gbójú sókè,
ó wò wá, ó rí i pé a ò tó ohun tí à á lé.
A gba Ìddó, a gun afárá Kátà,
òórùn ìyẹ̀fun pákó ń tọ̀ wá lẹ́yìn.

Ibẹ̀ làwọn gìrìpá mẹ́jọ kan ti fò wá kọjá,
aṣọ lẹ̀ mọ́ wọn lára bí èèpo pupa lára ẹ̀pà.
"Ẹ kú ìrọ́jú o, bàbá!"
Ìrọ́jú kẹ̀?
Ta ló sọ fún wọn pé à ń rọ́jú?

Láàárín afárá, pṣíìì. Táyà Bọ́látitó.
Sùnmọ́nù dorí kẹ̀kẹ́ kodò,
ó fi itọ́ wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jò,
ó fi yanrìn-bébà ha á, ó fi gọ́ọ̀mù sí i,
ó ń fẹ́ ẹ lẹ́nu bí ìyá tó ń fẹ́ ojú egbò.
Àwa tó kù gbé ìgbọ̀nwọ́ lé irin, à ń wo ọ̀sà.
Apẹja kan gbójú sókè nínú ọkọ̀ rẹ̀:
"Níbo lẹ̀ ń lọ?"
Olúgbódi ní, "A ò lọ síbì kan."
Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó gbọn àwọ̀n rẹ̀ tó ṣófo.
"Ẹja tèmi náà ò lọ síbì kan lónìí.
Ọ̀dọ̀ mi nìkan ni wọn ò wá."

Ní Màríínà a jókòó sójú òkúta,
ibi tí a máa ń jókòó sí.
Àbẹ̀jẹ́ gé búrẹ́dì, ó fi sàdíìnì sí i.
Ìgè ló máa ń gbé tíì wá nígbà ayé rẹ̀.
Láti òjò àkọ́rọ̀ tó ti papò dà,
kò sẹ́ni tó gbé fíláásìkì wá mọ́.
Kì í ṣe pé tíì wọ́n.
À ń jẹ búrẹ́dì ní gbígbẹ ni,
a ò sì sọ ìdí rẹ̀ fúnra wa.

Bọ́látitó, tí kò mọ Ìgè rí,
tú àpò rẹ̀, ó yọ fíláásìkì pupa kan jáde:
"Mo rò pé òùngbẹ yóò máa gbẹ yín."
Sùnmọ́nù wo ilẹ̀.
Àbẹ̀jẹ́ wo ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ.
Èmi, mo ń wá nǹkan tí kò sọnù nínú àpò mi.
Agogo kan dún, kíríń, láìsí ẹni tó ń bọ̀ lọ́nà.
Olúgbódi ló kọ́kọ́ na ife.

Mo dé ilé, oòrùn ti mú,
mo gbé Ràlé gun àtẹ̀gùn mẹ́tàlélógún,
mo sinmi lẹ́ẹ̀mejì.
Ìyàwó mi ní, "Ibo lẹ dé lónìí?"
"Màríínà."
"Màríínà! Wákàtí márùn-ún!"
Mo ní, "À bá tètè dé.
Tíì ló gbóná."